Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ń gbówó kalẹ̀ fún fíìmù ní ilẹ̀ Òkun: ẹ fi iná ṣáájú kámẹ́rà

Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ń gbówó kalẹ̀ fún fíìmù ní Kàbbà, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà, ní Ẹ̀gbẹ̀, ní Ìyàrá àti káàkiri ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi; ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ẹ wà ní Èkó àti Àbújá, tí ẹ ń dáwó jọ kí ìtàn ìlú wa lè di ohun tí àwọn ọmọ wa yóò máa wò: Òkun o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfẹ́ ìlú.

Ọmọ Ìjùmú ni mí, iṣẹ́ kámẹ́rà ni mo sì ń ṣe jẹun. Òde ìgbéyàwó àti òde ìsìnkú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí àwọn olùdarí tó máa pè mí sí iṣẹ́ fíìmù. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀bẹ̀ mi kò sì ju ẹyọ kan lọ: tí ẹ bá jókòó láti pín owó fíìmù, ẹ fi iná ṣáájú kámẹ́rà. Ẹ san owó iná, ẹ san owó ẹni tó mọ iná í lò, ẹ fún ayàwòrán ní ọjọ́ tó tó o, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kámẹ́rà ńlá tí ẹ ó yá.

Mo ti rí ìwé ìnáwó fíìmù púpọ̀, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì ń forí lé. Owó gbajúmọ̀ òṣèré tó ń bọ̀ láti Èkó ló máa ń wà lókè. Owó aṣọ á tẹ̀lé e, owó oúnjẹ, owó mọ́tò, owó ilé ìtura. Lẹ́yìn náà ni owó kámẹ́rà tí orúkọ rẹ̀ dùn létí, àti owó drone, kámẹ́rà tó ń fò lókè. Ẹ wá iná lọ, ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ ó ti bá a: páńẹ́lì LED kékeré méjì, bóyá pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n máa gbé e lé. Ẹni tó ń bójú tó iná, tí àwa ń pè ní gaffer, kò sí níbẹ̀ rárá. Ọmọdé tó ń gbé àpótí ni wọ́n máa ní kó di iná mú. Nígbà tí owó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán, ọjọ́ ayàwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé. Ohun tó yẹ kí a fi ọjọ́ mẹ́wàá yà, wọ́n á ní ká fi mẹ́rin yà á. Ẹ̀yin náà á wá wo fíìmù ọ̀hún nígbà tó bá jáde, ẹ ó sì bèèrè pé kí ló dé tí ojú àwọn èèyàn wa fi rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ayàwòrán fíìmù ń ṣe gan-an, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé títẹ bọ́tìnì ni. Fọ́tò ni fíìmù, ẹ̀yin èèyàn mi, fọ́tò tó ń sáré tẹ̀ lé ara wọn. 24 ló máa ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí fíìmù bá gùn tó wákàtí kan àbọ̀, 129,600 fọ́tò lẹ sanwó fún. Bí ó ti rí nìyí láti ìgbà tí àwọn ọmọ ìyá méjì kan tó ń jẹ́ Lumière ti fi àwòrán tó ń rìn han èrò ní Paris ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, 1895, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye fọ́tò nígbà náà kò tíì tó 24. Kò pẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà: oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Látìgbà náà, ohun gbogbo ti yí padà nínú kámẹ́rà, àfi ohun kan: kámẹ́rà kò lè rí èèyàn, kò lè rí òkè, kò lè rí aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ tó kan nǹkan wọ̀nyí tó sì ta padà sínú lẹ́ńsì nìkan ló ń rí. Ayàwòrán ló ń pinnu ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà yóò ti wá, bí yóò ṣe le tó, àwọ̀ wo ni yóò ní, àti ibi tí a ó ti fi òkùnkùn sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kámẹ́rà kọ́ ni ìṣòro wa mọ́. Kámẹ́rà kékeré tí ọ̀dọ́ kan ní Kàbbà lè fi owó ara rẹ̀ rà lónìí ń mú ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn papọ̀ dáadáa ju èyí tí a ń gbé kiri nígbà fídíò kásẹ́ẹ̀tì lọ. Tí ẹ bá gbé kámẹ́rà olówó iyebíye síwájú ojú tí kò ní ìmọ́lẹ̀ tó dára, ojú burúkú náà ló máa yà fún yín, á kàn yà á kó mọ́ kedere ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kámẹ́rà kékeré síbi tí ẹni tó mọṣẹ́ ti tan iná sí, ẹni tó ń wò ó ní Ìlọrin tàbí ní London kò ní bèèrè irú kámẹ́rà tó jẹ́.

Iná tí mò ń wí yìí kì í sì í ṣe ohun tó ń náni ní gbogbo ìgbà. Ìmọ̀ ló ń béèrè. Tí iná kékeré kan bá wà ní mítà kan sí ojú òṣèré, tí a wá sún un sẹ́yìn dé mítà méjì, ìmọ́lẹ̀ tó máa kù lójú rẹ̀ kì í ṣe ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ẹni tó mọ èyí mọ̀ pé tí òun bá gbé iná súnmọ́ ojú pẹ́kípẹ́kí, ògiri ẹ̀yìn á ṣókùnkùn fúnra rẹ̀, yàrá tí kò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan á sì fara pamọ́ láìná kọ́bọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gbé iná méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, á tan wọ́n sí iwájú òṣèré gbọngbọn, ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọpọ́n, òjìji méjì á lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ funfun tí a nà sójú fèrèsé, fóòmù funfun tí a fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, aṣọ dúdú tí kì í dán: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà lọ́jà Kàbbà. Mo ti rí i tí wọ́n sọ yàrá alámọ̀ di ibi tí èèyàn ń fẹ́ máa wò láìgbójú kúrò.

Àwọ̀ ara wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí à ń dá pọ̀ sí.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé a kò ṣe fíìmù aláwọ̀, èyí tí wọ́n ń fi sínú kámẹ́rà láyé ìjọhun, fún àwa dúdú níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Kodak tó ń ṣe fíìmù náà ń fi káàdì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò, kí wọ́n lè máa fi wé bóyá àwọ̀ tí wọ́n fọ̀ jáde péye, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí káàdì náà. Shirley ni wọ́n ń pè é, torí orúkọ obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n yà nìyẹn. Tí Shirley bá ti rẹwà, wọ́n gbà pé àwọ̀ ti pé. Bí ojú ọmọ aláwọ̀ dúdú ṣe rí nínú fọ́tò kan náà kò kan ẹnikẹ́ni. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe igbe àwa èèyàn dúdú ló kọ́kọ́ mú kí wọ́n máa tún un ṣe. Àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi ló fẹjọ́ sùn, ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979, pé fíìmù kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ṣokoléètì dúdú àti èyí tí wàrà wà nínú rẹ̀, tàbí láàárín igi kan àti òmíràn.

Kámẹ́rà òde òní sàn ju ìyẹn lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ wá. Tí ẹ bá jẹ́ kó pinnu fúnra rẹ̀, tí olóyè wa kan bá wọ agbádá funfun, tó jókòó síwájú ògiri funfun, funfun yẹn ni kámẹ́rà yóò máa wò. Á dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí agbádá, ojú olóyè á di òkùnkùn tí a kò ti lè rí ẹyinjú, a ò ní rí imú, a ò ní mọ̀ bóyá inú ń bí i ni tàbí ó ń rẹ́rìn-ín. Yorùbá sì ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí a bá pàdánù ojú, ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu rẹ̀ jáde ti sọ ìdajì agbára rẹ̀ nù. Àwọn kan wá rò pé ojútùú rẹ̀ ni kí wọ́n gbé ISO sókè, ìyẹn òṣùwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, kí gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Agbádá á sọ iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ nù, á di bébà funfun gbáà, àmì wínníwínní bí eruku á sì kún inú òkùnkùn gbogbo.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ayàwòrán fi ojú ṣe òṣùwọ̀n, kí ó fi aṣọ dúdú dí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ sára agbádá, kí ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀, tó sì rọ̀, wá láti ẹ̀gbẹ́. Awọ dúdú kì í fi ìfúnfun hàn. Dídán ló fi ń hàn. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú, iwájú orí, gbogbo wọn ló máa ń gba ìmọ́lẹ̀ ńlá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n á sì fi hàn bí odò ṣe ń fi ọ̀run hàn. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún àwọn tó ń kun ojú òṣèré kí wọ́n dín àtíkè kù. Àtíkè ń pa dídán yẹn. Òrí díẹ̀, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń fi pa wá lára nígbà ọyẹ́, ń ṣe iṣẹ́ tí iná olówó ńlá kò lè ṣe. Ìdí mìíràn tún wà tí n kò fi fẹ́ àtíkè tó ń sọ èèyàn di pupa: àwọn ọmọbìnrin wa ń wo fíìmù wọ̀nyí, wọ́n sì ń rí i pé ẹni tó dúdú bí tiwọn kì í mọ́lẹ̀ tó nínú àwòrán. Ìmọ́lẹ̀ tó wá láti ibi tí kò yẹ ló fà á, wọ́n á rò pé awọ àwọn ni.

Ẹni tó bá ń rò pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiwa, kí ó wo Remi Adefarasin. London ni wọ́n bí i sí, orúkọ rẹ̀ sì ti fi ilé rẹ̀ hàn. Òun ló ya fíìmù kan lórí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó jáde ní 1998, tí iṣẹ́ náà sì gbé e dé ibi ìdíje Oscar, tó sì gba BAFTA, àmì ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó wo Bradford Young pẹ̀lú, ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ti fi hàn pé òkùnkùn lè wà lójú èèyàn dúdú kí ojú náà ṣì máa sọ̀rọ̀. Nílé níbí, ẹ̀yìn kámẹ́rà ni Alàgbà Túndé Kèlání ti wá. London ló ti kọ́ iṣẹ́ fíìmù, ó sì ti yàwòrán fún tẹlifíṣọ̀n àti fún fíìmù àwọn ẹlòmíràn tipẹ́tipẹ́ kí ó tó dá ilé iṣẹ́ fíìmù tirẹ̀, Mainframe, sílẹ̀. Tí ẹ bá ń yìn ín pé fíìmù rẹ̀ dùn ún wò, ibẹ̀ ni ó ti rí i.

Oòrùn wa náà ní ìwà tirẹ̀. Àwọn tó ń wá láti òde máa ń fẹ́ fi aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán ya ìran tó wà níta, torí wọ́n rò pé ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù. Òótọ́ ni pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀ Òkun wà láyé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń dúró gangan sí àtàrí wa lọ́sàn-án, nínú oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, kò sì jìnnà sí orí wa ní oṣù tó wà láàárín wọn. Òjìji iwájú orí á bọ́ sínú ihò ojú, imú á da òjìji sórí ètè, gbogbo èèyàn á dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ọ̀gá kan wà tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀: ní 1972, Gordon Willis ará Amẹ́ríkà gbé iná sókè orí òṣèré Marlon Brando nínú fíìmù The Godfather, kí ojú olórí àwọn ọ̀daràn náà lè fara sin sínú òjìji, kí a má mọ ohun tó ń rò. Ìyẹn ní ìdí. Ìyàwó tuntun tó ń wọlé ọkọ ní ìran tiyín kò ní ìdí kankan láti má ní ojú.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n jí. Láàárín ìgbà tí oòrùn bá yọ sí bí aago mẹ́sàn-án, àti láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí oòrùn á fi wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń wá láti ẹ̀gbẹ́, ó rọ̀, ó sì ní àwọ̀. Ọ̀sán gangan, ẹ wọlé. Ẹ ya ìran inú ilé, tàbí kí ẹ jẹun kí ẹ sinmi. Ẹ má sì retí kí àṣálẹ́ pẹ́. Oòrùn wa kì í fà lọ bí ti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun. Ó ń wọ̀ ṣánṣán ni. Tó bá ti wọ̀, bí ìṣẹ́jú 20 sí 25 ni ẹ ní kí ọ̀run tó di aró tán. Ìran tí a bá fẹ́ yà ní ìgbà yẹn, a gbọ́dọ̀ ti dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀, kí olúkúlùkù mọ ibi tí òun yóò dúró sí. Ìdí kan nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín fún ọjọ́.

Ìgbà nínú ọdún náà ṣe pàtàkì. Ọyẹ́ máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá láti apá Àríwá, eruku náà a sì bo oòrùn, á sọ gbogbo ọ̀run di iná kan ṣoṣo tó rọ̀. Ojú èèyàn ń dára nígbà náà, àní lọ́sàn-án. Ẹni tó ń ya ìtàn ọ̀fọ̀, tàbí ìtàn ẹni tó ń padà sílé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kí ó dúró de ọyẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àwọn àpáta Ògìdì lẹ fẹ́ fi han aráyé, tàbí òkè tó yí Kàbbà ká, ọyẹ́ á gbé wọn mì. Ẹ dúró de ìparí òjò, oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò ti fọ ojú ọ̀run tí koríko ṣì tutù. Láàárọ̀ ìgbà náà, èèyàn lè rí òkè lẹ́yìn òkè. Ẹgbẹ́ ìlú kan tó fẹ́ ya ìtàn bí àwọn baba wa ṣe gun orí àpáta sá fún ogun Núpé kò gbọ́dọ̀ lọ yà á ní oṣù Kìíní kìkì nítorí pé ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ Àbújá wà nílé fún ọdún.

Ní ti òru, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ọ̀tá wa níbẹ̀, kì í ṣe nítorí ariwo nìkan. Iná NEPA ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù a sì máa tàn kó máa rẹ̀ ní ìgbà 100. Ojú wa kò lè rí i, kámẹ́rà ń rí i. Tí a bá mọ iye náà, a lè tọ́ ìgbà tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá kí àwòrán má baà máa ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró lójú kan: tí wọ́n bá tan fáànù, ó yí padà, tí wọ́n bá pa á, ó tún yí padà. Àwòrán á wá máa gbọ̀n, kò sì sí olótùú tó lè tún un ṣe pátápátá. Ẹ yá iná tó ń lo bátìrì, tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ní inverter nínú. Tí ìtàn bá sì jẹ́ ti ayé àtijọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gílóòbù funfun sínú ahéré. Iná fìtílà pupa rẹ́súrẹ́sú, kò tó ìdajì ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà nínú òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí à ń lò, tí wọ́n ń pè ní Kelvin: ọ̀sán jẹ́ 5600, àbẹ́là kò dé 2000. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ á gbé fìtílà síwájú òṣèré kí a lè rí i, á sì fi iná mìíràn tó ní àwọ̀ kan náà pamọ́ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ fìtílà ti yẹ kó wá. Iṣẹ́ wákàtí kan nìyẹn fún ìran kan, kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ drone, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò bí àwọn ọ̀rẹ́ mi kan nínú. Ṣé ó di dandan kí gbogbo fíìmù ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀run, kí a wo orí páànù, kí a wo títì, tàbí kí a wo ibi tí odò méjì ti pàdé ní Lọ́kọ́ja, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀? Ó dára tí ìtàn bá ń béèrè fún un. Bí kámẹ́rà bá fẹ́ rìn, kí ó ní ibi tó ń lọ. Ní 1947, James Wong Howe, ayàwòrán fíìmù kan ní Amẹ́ríkà, gbé kámẹ́rà sọ́wọ́, ó wọ bàtà onítáyà, wọ́n sì ń tì í yí àwọn tó ń ja ẹ̀ṣẹ́ ká, kí òǹwòran lè wà nínú ìjà náà. Ó gbé kámẹ́rà lọ síbi tí ìtàn wà. Tiwa, ìgbà mìíràn, ń sá kúrò níbi tí ìtàn wà. Owó ọjọ́ kan drone lè san owó gaffer fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń bu ọwọ́ lu ìwé.

Aṣọ wa ńkọ́? Ilẹ̀ tí Màmá Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà aró, ti wá nìyí, Ògìdì tó ń pa aró tó sì ń ṣe bátíìkì. Ilẹ̀ Bùnú nìyí, tó ni aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí a fi ń sin olóyè tí egúngún sì ń wọ̀. Aṣọ yìí ni kámẹ́rà ń dà jù. Iná LED tó pọ̀ lọ́jà kò ní pupa tó tó nínú, ó ń sọ aṣọ ìpò di àwọ̀ ilẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá sì pọ̀ jù, pupa á kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú kámẹ́rà, ojú okùn àti ọnà tó wà lára aṣọ á parẹ́, á di pupa kan ṣoṣo láìní ìwọ̀nba. Èmi kò mọ bí a ṣe lè sọ pé à ń ya àṣà wa sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, ká sì máa yà á ní àwọ̀ tí àwọn tó hun ún kò ní mọ̀ pé tàwọn ni. Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán rí aṣọ kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé. Kí ó gbé e síwájú iná tó fẹ́ lò, kí ó yà á, kí ó sì pe àwọn ìyá tó ni aṣọ kí wọ́n wò ó lójú tẹlifíṣọ̀n. Tí wọ́n bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí, kí ó pààrọ̀ iná.

Ohun kan kù tí mo mọ̀ pé ẹ kò ní fẹ́ náwó sí, ìyẹn ìpamọ́. Lẹ́yìn tí fíìmù bá ti jáde, hard drive tí àwòrán wà nínú rẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ ẹnì kan, á jábọ́, tàbí kí wọ́n pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè fi ṣe iṣẹ́ mìíràn. Fíìmù èdè Haúsá kan wà tí Adamu Halilu ṣe ní 1976. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi rò pé ó ti sọ nù, kí wọ́n tó rí i nínú ilé ìpamọ́ ìjọba ní Jọ́ọ̀sì. Wọ́n tún un ṣe, àjọ̀dún fíìmù Berlin sì fi í hàn ní 2018. Nítorí pé ẹnì kan fi í sí ibì kan ni. Ẹ san owó ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn má ṣe wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Kí ẹgbẹ́ ìlú fọwọ́ sí i pé ọ̀kan jẹ́ ti ìlú.

Nínú ẹ̀bẹ̀ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti yàn pé ẹ ó ya fíìmù láàárín ọyẹ́ tó ń bọ̀ ni mo ń wò jù. Ẹ fún ayàwòrán ní ìwé eré náà kí ẹ tó yan ọjọ́, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó lọ wo ilé, àpáta àti odò tí ẹ yàn, ní wákàtí tí ẹ fẹ́ yà wọ́n gan-an. Ẹ gba gaffer, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú fíìmù bí ẹ ti kọ orúkọ àwọn yòókù. Bí owó kò bá tó, gbajúmọ̀ kan ni kí ẹ dín, ẹ má ṣe dín ọjọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ẹ ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ nílé ìwé, ẹ rántí pé láti 1995 ni ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Jọ́ọ̀sì. Ẹ rán ọmọ Yàgbà kan, ọmọ Owé kan, ọmọ Bùnú kan lọ síbẹ̀, kí wọ́n lọ kọ́ iná àti kámẹ́rà bí àwọn ẹlòmíràn ti ń kọ́ òfin àti ìṣègùn.

Ní ti èmi, tí ìlú kan bá fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ tó ń gbé kámẹ́rà jọ, ní Kàbbà tàbí níbikíbi tí ẹ bá ní, mo ṣe tán láti wá fi bí a ṣe ń tan iná sí ojú dúdú hàn wọ́n. N kò ní gba owó. Kí wọ́n kàn wá pẹ̀lú aṣọ funfun kan, aṣọ dúdú kan, àti òrí.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún yín,
Ayàwòrán kan, ọmọ Ìjùmú.